Ta ló ni ilẹ̀? Olóyè Olúwa, ọba Gẹ̀ẹ́sì, àti ilẹ̀ Apápá

1/
Bí ẹ bá gba Ọ̀bà-Ilé kọjá lónìí, láti ọwọ́ Àkúrẹ́ títí dé ẹ̀gbẹ́ pápákọ̀ òfuurufú, ẹ máa rí i lára ògiri àti fẹ́ǹsì pé wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà pé àwọn ò ta ilẹ̀ náà o, kí oníjìbìtì má tan ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè tèmi ni pé, ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ọ́? Bàbá ni? Ẹ̀gbọ́n àgbà ni? Gbogbo ẹbí ni? Àbí gómìnà? Ẹ wá gúgúrú àti ẹ̀pà jókòó tì í, ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀.

2/
Ìbéèrè yìí ti wọ kóòtù rí. Kì í ṣe kóòtù kékeré o. Ó wọkọ̀ ojú omi dé London, ó dé iwájú àwọn adájọ́ tó ga jù ní gbogbo ilẹ̀ tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso lókè òkun. Ẹni tó gbé e lọ ni Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, olóyè onífìlà funfun. Ìdájọ́ jáde ní 1921. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí, síbẹ̀ àwọn lọ́yà ṣì ń pe orúkọ ẹjọ́ náà ní Nàìjíríà, ó sì ti dé Kánádà àti Australia, níbi tí àwọn tí wọ́n bá nílẹ̀ ti ń bá ìjọba fa ilẹ̀ baba wọn.

3/
Àmọ́ kí ọ̀rọ̀ Olúwa tó lè yé wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní, "Kí ló kan ọmọ Ọ̀bà-Ilé nínú ìyẹn?" Ó kàn wá gan-an ni. Torí nígbà tí adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì wo Olóyè Olúwa, òṣùwọ̀n tó kó wá láti ilé ló fi wọ̀n ọ́n. Bí a ò bá mọ òṣùwọ̀n náà, a ò ní mọ ibi tí wọ́n ti rẹ́ ọkùnrin náà jẹ.

4/
Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, àwọn ajagun kan wà tí wọ́n ń gun ẹṣin, tí wọ́n ń wọ ẹ̀wù irin, tí wọ́n ń fi "Sir" ṣáájú orúkọ wọn. Knight ni wọ́n ń pè wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ ẹni tí a lè fi wọ́n wé nílé wa, ẹ ronú sí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ọ̀yọ́. Àádọ́rin ni wọ́n, mẹ́wàá mẹ́wàá lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì méje. Akínkanjú ló ń jẹ oyè Ẹ̀ṣọ́, a kì í torí pé bàbá ẹni jẹ ẹ́ kí wọ́n gbé e lé ẹni lọ́wọ́. Ti knight náà rí bẹ́ẹ̀: ọmọ ò jogún "Sir". Ilẹ̀ lọmọ ń jogún. Ibẹ̀ sì ni wàhálà wà.

5/
Ní 1066, William láti Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gorí ìtẹ́. Láti ìgbà náà ni òfin wọn ti sọ pé ọba ló ni gbogbo ilẹ̀, látòkè délẹ̀. Olóyè ńlá ń di ilẹ̀ mú lọ́wọ́ ọba, knight ń di ti ẹ̀ mú lọ́wọ́ olóyè, àgbẹ̀ ń di ti ẹ̀ mú lọ́wọ́ knight. Kò sẹ́ni tó nílẹ̀ pátápátá àyàfi ọba. Nígbà ìbẹ̀rẹ̀, ogun jíjà ni knight fi ń san owó ilẹ̀. Nígbà tó yá, owó gidi rọ́pò ogun. Ṣé ẹ ń bá mi bọ̀?

6/
Bí knight bá kú ńkọ́? Ọmọkùnrin àgbà nìkan ló ń kó ilẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo! Àwọn àbúrò á lọ wá iṣẹ́ ṣe, tàbí kí wọ́n di àlùfáà. Ọmọbìnrin ò rí ilẹ̀ jogún àyàfi tí kò bá sí ọkùnrin rárá. Ẹni tó jogún á sì kọ́kọ́ san owó kó tó wọlé. Bó bá jẹ́ ọmọdé, olúwa ilẹ̀ náà á gba ọmọ àti ilẹ̀ sọ́dọ̀, á máa jẹ èrè orí ilẹ̀ títí ọmọ fi dàgbà, ó tún lè ta ẹ̀tọ́ láti yan ìyàwó fún un. Òfin pé àkọ́bí ọkùnrin ló ń kó gbogbo ilẹ̀ yìí wà níbẹ̀ títí di òfin 1925.

7/
Ẹ jẹ́ kí n fi ẹbí kan ṣàlàyé. Knight kan wà tó ń jẹ́ Sir John Fastolf. Ó jagun ní ilẹ̀ Faransé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó kó owó bọ̀ wálé, ó ra ilẹ̀ rẹpẹtẹ, ó sì kọ́ ilé olódi ńlá kan sí Caister ní Norfolk. Ní 1459 ó kú. Kò bímọ. Ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Olówó tó nílẹ̀, tí kò bímọ, kú: ní Èkó, ní Òǹdó, ní Norfolk, ọ̀rọ̀ náà ò yàtọ̀. Òkú ò tíì tutù, ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

8/
Lọ́yà Fastolf ni John Paston. Ó jáde, ó ní ọjọ́ méjì kí bàbá tó kú ló ti fi ẹnu sọ ọ́ pé òun ni kí òun kó gbogbo ilẹ̀ náà. Ẹnu o! Àwọn yòókù tó yẹ kí wọ́n jọ bójú tó ogún náà ní irọ́ ni. Bẹ́ẹ̀, àgbẹ̀ lásán ni bàbá bàbá Paston yìí. Bàbá rẹ̀ ló kàwé, tó di adájọ́. Àwọn ìjòyè ń wò ó pé, "Ọmọ ta nìyí tó fẹ́ bá wa jókòó?" Paston tìtorí ẹjọ́ náà wẹ̀wọ̀n. Ó kú ní 1466, ẹjọ́ ò tíì parí.

9/
Ọmọ rẹ̀, Sir John Paston, knight lòun náà, ló gba ìjà náà lọ́wọ́ ẹ̀. Ní 1469, Duke ti Norfolk kó ọmọ ogun wá ká Caister mọ́. Wọ́n ní wọ́n tó 3,000; àwọn tó wà nínú ilé ò ju nǹkan bí 30 lọ. Ó gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó jọ̀wọ́ ilé náà. Ìgbà tí Duke kú ní 1476 ni ẹbí Paston tó padà wọlé. Ìjà ọdún 17 lórí ilẹ̀ ẹnìkan! Báwo la ṣe mọ̀? Àwọn Paston ń kọ lẹ́tà síra wọn, wọ́n sì ń tọ́jú ẹ̀. Margaret, ìyá Sir John, ló kọ tàbí mú kí wọ́n kọ púpọ̀ nínú ẹ̀, torí nígbà tí ọkọ ẹ̀ ń bá ẹjọ́ kiri ní London, òun ló dúró nílé tó ń ṣọ́ ilẹ̀.

10/
Ẹ fi ohun mẹ́ta yìí sọ́kàn nínú ti Gẹ̀ẹ́sì. Èkíní, ọba ló ni ilẹ̀, àwọn yòókù kàn ń dì í mú ni. Èkejì, ọrùn ẹnìkan ni ogún rọ̀ mọ́. Ẹ̀kẹta, ẹni tí ilẹ̀ wà lórúkọ ẹ̀ lè tà á, ó lè fi í tọrẹ, ó lè fi ìwé ìhágún gbé e fún ẹni tó bá wù ú. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká padà wálé báyìí.

11/
Ní tiwa, ẹni tó kọ́kọ́ ṣán igbó ló tẹ ilẹ̀ dó. Bó bá kú, gbogbo ọmọ ẹ̀ ló ni ín, ọkùnrin àtobìnrin. Wọ́n á fi ẹnìkan ṣe olórí ẹbí. Àwọn ará Èkó ń pe àkọ́bí ọkùnrin tó bọ́ sípò náà ní Dáwódù. Ní Ìbàdàn, Mọ́gàjí ló ń jẹ́ olórí agbo ilé. Ìṣọ́ ni wọ́n fi ṣe o, wọn ò fún un ní ilẹ̀. Òun ló ń pín oko fún ọmọ ẹbí, òun ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àlejò tó ń dáko. Bí àlejò bá gbin kòkó, òun ló ni kòkó tó gbìn, ẹbí ló ni ilẹ̀ tí kòkó dúró lé. Àwa ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹ ò ní kí n ṣàlàyé ìyẹn fún yín.

12/
Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ lórí ilẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń bi àwọn èèyàn léèrè ní 1912, ọba kan láti Ìjẹ̀bú, Ẹlẹ́sì ti Odògbólú, ṣàlàyé fún wọn pé ẹbí ńlá kan ló ni ilẹ̀: púpọ̀ nínú wọn ti kú, díẹ̀ ló wà láàyè, àwọn tí wọn ò tíì bí ò sì lóǹkà. Ẹ tún un kà. Tí òkú bá ni ín, tí ọmọ tí a ò tíì bí náà ni ín, báwo ni ẹnìkan tó wà láàyè ṣe fẹ́ dá a tà?

13/
Olúwa wà lára àwọn Ìdẹ́jọ. Àwọn olóyè onífìlà funfun tó nílẹ̀ l'Ékòó nìyẹn: Olúwa, Oníru, Arómirẹ́, Olóto, Ojora, Oníkòyí, Olúmẹ́gbọ̀n, àti àwọn mìíràn. Ìtàn Èkó sọ pé ọmọ Ọlọ́fin ni àwọn baba ńlá wọn, òun ló pín ilẹ̀ fún wọn. Ìgbà tí ìdílé ọba tó tan mọ́ Benin wá dé, ilẹ̀ ti lólúwa. Kódà ààfin Ìgá Ìdúngànràn, wọ́n ní orí ilẹ̀ tí Arómirẹ́ fi ń gbin ata ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ọba ń jọba, Ìdẹ́jọ nílẹ̀. Ẹ rí i pé ó yàtọ̀ pátápátá sí ti William.

14/
Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ 1861, Ọba Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé tó gbé Èkó fún ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ ogun wà lójú omi nígbà náà, ẹ má rò pé pẹ̀lú ẹ̀rín ló fi fọwọ́ sí i. Wọ́n ní àwọn á máa fún un ní 1,200 àpò owó ẹyọ lọ́dún. Àwọn olóyè bínú. Torí ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ẹni tí kò nílẹ̀ lè gbé ilẹ̀ fún èèyàn? Lójú Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ni, ọba ló ni gbogbo ẹ̀. Lójú Ìdẹ́jọ, ọba gbé adé, kò gbé oko.

15/
Ó wá di 1913. Ìjọba fẹ́ ilẹ̀ ní Apápá. Wọ́n lo òfin ilẹ̀ ìlú ti 1903, èyí tó ní ìjọba lè gba ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, kó sì san owó gbà-máà-bínú fún ẹni tó ni ín. Amodu Tijani jáde, ó ní, "Ilẹ̀ ìdílé Olúwa ni. Ẹ sanwó." Kò ní kí wọ́n má gba ilẹ̀ o. Ohun tó ń bèèrè ò ju pé kí wọ́n san iye tó yẹ ẹni tó ni ilẹ̀.

16/
Kóòtù l'Ékòó ní rárá. Adájọ́ àgbà ní Olúwa ò ní ilẹ̀ náà. Àṣẹ ìṣàkóso nìkan ló ní, bíi ti olúwa ilẹ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́. Owó àṣẹ yẹn nìkan ni kí wọ́n san. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àwọn adájọ́ tó tún un gbọ́ gbà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú ẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ nìkan kọ́ lo ni ín, torí náà a ò ní sanwó ilẹ̀ fún ọ." Ó sì jóòótọ́ pé òun nìkan kọ́ ló ni ín! Ṣùgbọ́n nítorí pé kò rọ̀ mọ́ ọrùn ẹnìkan, wọ́n ṣe é bíi pé kò lólúwa.

17/
Ní 1920, Olúwa gbéra, ó di London, níwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tí wọ́n ń pè ní Privy Council. Herbert Macaulay bá a lọ, òun ni akọ̀wé rẹ̀, òun ló ń gbufọ̀. Ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni Macaulay, iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ló sì kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ò rí nǹkan: ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn ilẹ̀ ló wá bá wọn ṣírò ilẹ̀. Elékòó, ìyẹn Ọba Èṣùgbàyí, tún gbé ọ̀pá àṣẹ rẹ̀ fún Macaulay kó mú un dání, kí wọ́n lè mọ̀ lọ́hùn-ún pé ọ̀rọ̀ náà ju ti ilé kan lọ.

18/
Oṣù keje 1921 ni ìdájọ́ jáde. Viscount Haldane ló kà á. Kókó ibẹ̀ ni pé kí àwọn adájọ́ ṣọ́ra, kí wọ́n má fi ojú òfin Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ ẹ̀tọ́ ilẹ̀ tí kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ní apá ibí yìí, ilẹ̀ jẹ́ ti ìlú, ti abúlé tàbí ti ẹbí. Olórí ń bójú tó o fún gbogbo wọn ni. Ìwé tí Dòsùmú fọwọ́ sí ní 1861 ò sì pa ẹ̀tọ́ àwọn tó nílẹ̀ rẹ́. Nítorí náà, kí ìjọba san owó ilẹ̀ ní kíkún fún Olúwa, lórúkọ gbogbo àwọn tó jọ ni ín.

19/
Owó náà jẹ́ 22,500 pọ́n-ùn. Ní 1921! Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi owó sílẹ̀ ná. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé wọ́n gbà lójú ayé pé ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ni kì í ṣe ohun tí kò lólúwa. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ knight ò bá ilẹ̀ Olúwa mu, àwọn adájọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ àwọn knight gan-an ló sì sọ bẹ́ẹ̀.

20/
Ẹnìkan jìyà ẹ̀ o. Ìwé ìròyìn London gbé ọ̀rọ̀ kan tó ti ọ̀dọ̀ Macaulay wá, tó pe Elékòó ní olórí mílíọ̀nù 17 èèyàn Nàìjíríà. Inú ìjọba Èkó ru. Wọ́n ní kí ọba rán agogo káàkiri ìlú láti fi sẹ́ Macaulay. Kò rán an. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n lọ́ba mọ́, wọ́n dá owó tí wọ́n ń fún un dúró. Ní 1925 wọ́n lé e kúrò nílùú lọ sí Ọ̀yọ́. Òun náà gbẹ́jọ́ dé Privy Council. Ó padà wọ Èkó ní 1931, ìlú jó, ìlú yọ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló wàjà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Olúwa ló bẹ̀rẹ̀, ìgbèkùn ọba ló já sí.

21/
Ẹ má jẹ́ ká fi oyin bo ìtàn yìí ṣá. Olúwa borí, àmọ́ ilẹ̀ ò padà. Ní 1926, ọkọ̀ òkun ti ń gúnlẹ̀ sí èbúté Apápá. Ohun mìíràn tún wà: kóòtù ní ó gba owó náà lórúkọ gbogbo ẹbí. Ẹ̀yin náà ẹ bi ara yín, nílé tiyín, bí wọ́n bá san owó ilẹ̀ fún olórí ẹbí, ṣé gbogbo ẹbí ló ń rí i? Òṣìṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló ń ta ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n mọ́ àbúrò lórí lónìí. Ilé la ti ń jẹ ẹ́.

22/
Ẹ̀yin obìnrin, tiyín rèé. Àwọn kan á sọ fún yín pé "àṣà Yorùbá" ò fún obìnrin nílẹ̀. Irọ́ ni. Ní 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole lórí agbo ilé Olóyè Mabinuori l'Ékòó, kóòtù gbà pé lẹ́yìn tí Dáwódù bá kú, ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ tó kù ni ipò olórí ẹbí kàn, ìbáà jẹ́ obìnrin. Ẹ fi wé ti Gẹ̀ẹ́sì: ní 1908 yẹn, bí bàbá bá kú láìkọ ìwé ìhágún, àkọ́bí ọkùnrin ṣì ń kó ilẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Ẹni tó bá fi àṣà dẹ́rù bà yín lórí ilẹ̀ bàbá yín, àṣà ta ló ń sọ gan-an?

23/
Pínpín náà tún wà. Ìdí-igi ni àbí orí-òjorí? Suberu Dawodu ti Èkó kú, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ìdí-igi ní kí wọ́n pín in sọ́nà mẹ́rin, ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan kó mú ọ̀kan. Orí-òjorí ní kí wọ́n pín in sọ́nà mẹ́sàn-án, ọmọ kọ̀ọ̀kan kó mú ọ̀kan. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní orí-òjorí ló bá ẹ̀tọ́ mu. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ú lọ ní rárá, ìdí-igi ni àṣà. Bí ìjà bá wà, olórí ẹbí lè mú orí-òjorí bí òun bá rí i pé yóò mú àlàáfíà wá. Privy Council fọwọ́ sí ìyẹn ní 1962. Àbí ẹ ò rí i? Ẹjọ́ ilé olórogún náà wọkọ̀ dé London.

24/
Ibi tó ti wá dùn mí rèé. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 1978, ìjọba ológun Nàìjíríà gbé òfin lílo ilẹ̀ jáde. Ó ní gbogbo ilẹ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ gómìnà, kó máa dì í mú fún àǹfààní gbogbo ará ìlú. Àwọn tó wà lórí ilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti máa lò ó ni. Òfin náà ṣì wà títí di òní, ó sì wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa lọ́nà tí yíyí i padà fi le gan-an. Ẹ padà lọ ka nọ́ńbà 5. Ẹnìkan wà lókè tó di gbogbo ẹ̀ mú, àwọn yòókù ń lò ó lábẹ́ ẹ̀. William ń rẹ́rìn-ín ní sàréè.

25/
Kí ló túmọ̀ sí fún wa? Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ lónìí fún iṣẹ́ ìlú, owó ilé tó wà lórí ẹ̀ àti owó ohun ọ̀gbìn ni òfin ní kí wọ́n san. Ilẹ̀ tí kò sí nǹkan lórí ẹ̀ ńkọ́? Kìkì owó ilẹ̀ tí ẹni náà san fún ìjọba lọ́dún tí wọ́n gbà á. Ẹ fi wé ohun tí Olúwa gbà ní 1921. Lábẹ́ òyìnbó, wọ́n san owó ilẹ̀ ní kíkún fún ẹbí. Lábẹ́ òfin tí àwa fúnra wa ṣe, owó igi kòkó àti owó bíríkì ni. Òótọ́ ni pé àwọn tó ṣe òfin náà ní àwọn fẹ́ dá ọwọ́ àwọn tó ń kó ilẹ̀ jọ dúró, kí ilẹ̀ má wọ́n jù. Àmọ́ ẹ wo iye tí wọ́n ń pe ilẹ̀ lágbègbè wa, kí ẹ dáhùn fúnra yín.

26/
Òfin 1978 ò pa ẹbí rẹ́, ẹ gbọ́ dáadáa. Kóòtù ṣì gbà pé ilẹ̀ ẹbí wà. Bí ọmọ ẹbí lásán bá dá ilẹ̀ ẹbí tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá tà á láìjẹ́ kí àwọn àgbààgbà ìdí kọ̀ọ̀kan mọ̀, wọ́n lè gba kóòtù lọ, kí wọ́n tú u ká, bí wọ́n bá tètè dìde. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn: bí wọ́n bá tètè dìde. Ẹni tó dákẹ́, tí wọ́n kọ́lé alájà méjì sórí ilẹ̀ bàbá ẹ̀ lójú ẹ̀, kóòtù á bi í pé níbo ló wà látijọ́.

27/
Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, nǹkan mẹ́rin. Ẹ lọ bá àwọn àgbà nílé, ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀: ta ló tẹ ilẹ̀ náà dó, ìyàwó mélòó ló fẹ́, ọmọ ta ni ta, odò wo àti igi wo ni ààlà. Ẹ kọ orúkọ ìdí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ dáwó jọ, kí ẹ pe awọnlẹ̀ tó níwèé àṣẹ wá wọ̀n ọ́n, kí ìwé sì jẹ́ orúkọ ẹbí, kó má jẹ́ ti bọ̀ọ̀dá tó wà nílùú nìkan. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ ra ilẹ̀, ẹ má gbówó fún ẹnìkan ṣoṣo, bó ti wù kó wọ agbádá tó. Ẹ ní kí olórí ẹbí àti àwọn àgbààgbà jọ fọwọ́ sí i.

28/
Lẹ́tà la fi mọ ìtàn ẹbí Paston lónìí, torí wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń tọ́jú ẹ̀. Olúwa fi ẹnu, ìtàn àti lọ́yà gba ẹ̀tọ́ tiẹ̀, torí àwọn tó mọ ìtàn náà ṣì wà láàyè láti wá jẹ́rìí. Àwọn tó mọ ti ilé wa ń dàgbà sí i lójoojúmọ́. Ẹni tí a máa bi ní ọdún mẹ́wàá sí i lè má sí níbẹ̀ mọ́.

29/
Ẹ sọ fún mi nísàlẹ̀: nílé tiyín, ta ni olórí ẹbí, ọkùnrin ni àbí obìnrin? Ìdí-igi lẹ̀ ń pín àbí orí-òjorí? Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni o, kí a má lọ bá ara wa ní kóòtù. Bí ẹ bá sì ní ẹ̀gbọ́n tó ń polówó ilẹ̀ ẹbí lórí WhatsApp lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òkùn ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí i lálẹ́ òní.